ÀKÀRÀ NÍ ÒKÈ ÒKUN

Ọ̀rọ̀ tí a sọ níwájú àwọn ìjòyè àti àwọn ọmọ ẹgbẹ́



Ẹgbẹ́ wa ti gbọ́ ọ̀rọ̀ lórí oyè, lórí ilẹ̀, lórí ogun àti lórí ìwé. Àkàrà ni àwa fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí. Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ rẹ́rìn-ín, kí ó rín in tán nísinsìnyí, nítorí àkàrà tí a ń wí yìí ti ra ènìyàn kúrò lóko ẹrú, ó ti gbé orúkọ òrìṣà kọjá òkun, ó sì ti mú kí ìjọba ilẹ̀ ńlá kan kọ iṣẹ́ àwọn obìnrin tí ń dín in sínú ìwé ohun iyebíye orílẹ̀-èdè wọn. A fẹ́ bá a rìn láti ilé títí dé òkè òkun, kí a sì bá a padà wálé, kí a lè mọ ohun tí ó mú kí ó wà láàyè ní ibì kan, tí ó sì jẹ́ pé orúkọ rẹ̀ nìkan ni ó kù ní ibòmíràn.

Kò sí ẹni tí ó wà níhìn-ín tí kò mọ bí a ti ń ṣe àkàrà, ṣùgbọ́n ó yẹ kí a kà á lẹ́sẹẹsẹ, nítorí èyí ni a ó fi mọ ibi tí ó ti yí padà. A ó rẹ ẹ̀wà sínú omi. A ó bó èèpo rẹ̀. A ó lọ̀ ọ́ kúnná. A ó pò ó títí yóò fi wú. A ó fi ata, àlùbọ́sà àti iyọ̀ sí i. Nígbà náà ni a ó máa dá a sínú epo gbígbóná nínú agbada. Kò sí ìyẹ̀fun nínú rẹ̀, kò sí ẹyin, kò sí ìwúkàrà. Afẹ́fẹ́ tí ọwọ́ obìnrin pò mọ́ ọn ni ó ń mú kí ó fúyẹ́. Obìnrin tí ó bá bu omi jù sí ẹ̀wà lílọ̀, àkàrà rẹ̀ yóò tú sépo. Láti inú agbada yìí ni àwọn àgbà sì ti mú ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń sọ nígbà tí àṣírí bá hàn, pé àkàrà tú sépo.

Oúnjẹ òwúrọ̀ ni, ṣùgbọ́n kò mọ síbẹ̀. Bí arúgbó bá kú, a ń dín àkàrà, a sì ń pín in fún àdúgbò. Àwọn tí ó bí ìbejì ń fi ẹ̀wà àti àkàrà ṣe sàráà. Àwọn oníṣẹ̀ṣe mọ̀ ọ́n ní oúnjẹ Ọya. Àwọn Mùsùlùmí ń fi ògì àti àkàrà ṣínu nínú oṣù ààwẹ̀. Nígbà tí àwọn tí ó túmọ̀ Bíbélì sí èdè wa sì ń wá ọ̀rọ̀ tí wọn yóò lò fún búrẹ́dì tí kò ní ìwúkàrà, àkàrà aláìwú ni wọ́n kọ. Ìlú mìíràn wà tí àkàrà rẹ̀ gbé orúkọ rẹ̀ ga: kò sí arìnrìn-àjò tí ń ti Ifẹ̀ lọ sí Iléṣà tí kò gbọ́ nípa àkàrà Òṣú.

A kò wí pé àwa nìkan ni a ni ín. Ilẹ̀ Áfíríkà ni irú ẹ̀wà yìí ti ṣẹ̀ wá, àwọn aládùúgbò wa pẹ̀lú sì ń lọ̀ ọ́, wọ́n ń dín in. Àwọn Haúsá ń pè é ní kósáì; ní Gánà wọ́n ń pè é ní koose; ní Sẹ̀nẹ̀gàl accara ni, ọbẹ̀ tòmátì àti àlùbọ́sà ni wọ́n sì fi ń jẹ ẹ́. Ṣùgbọ́n nínú àwọn tí ó gbé àkàrà kọjá òkun, àwọn ènìyàn wa pọ̀, ibi tí wọ́n sì ti pọ̀ jù ni orúkọ náà ti fẹsẹ̀ múlẹ̀ jù.

Ẹ mọ bí wọ́n ti ṣe dé ọ̀hún. Nígbà tí agbára Ọ̀yọ́ ń rẹ̀yìn, ogun bẹ́ sílẹ̀ káàkiri. Ó fọ́ Òwu, ó tú àwọn ìlú Ẹ̀gbá ká, ó sì sọ Ọ̀yọ́ Ilé di ahoro. A kó ọmọ ènìyàn ní ìgbèkùn lọ sí etí òkun, sí Wìdà, sí Àjàṣẹ́, sí Àgbádárìgì àti sí Èkó, a sì tà wọ́n fún àwọn ọlọ́kọ̀. Àwọn tí ó dé Bahia ní ilẹ̀ Bràsíl ni a ń pè ní Nagô; àwọn tí ó dé Kúbà ni a ń pè ní Lùkùmí; àwọn tí ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì gbà sílẹ̀ lójú òkun tí a sì kó lọ sí Sàró ni a ń pè ní Akú, nítorí bí a ti ń kí ara wa pé ẹ kú. Ẹni tí a dè ní ẹ̀wọ̀n kò lè ru ọlọ, kò sì lè gbé agbada dání. Ohun tí ó wà lórí ahọ́n rẹ̀ àti ohun tí ọwọ́ rẹ̀ mọ̀ ọ́n ṣe ni ó gbé lọ.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ yà sí Sàró. Lẹ́yìn tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ti ṣòfin ní ọdún 1807 pé ọmọ ìlú wọn kò gbọdọ̀ ṣòwò ẹrú mọ́, àwọn ọkọ̀ ogun wọn bẹ̀rẹ̀ sí í dá ọkọ̀ ẹrú dúró. Bẹ́ẹ̀ ni a ṣe gba Àjàyí, ọmọ Òṣogùn, tí gbogbo ayé wá mọ̀ ní Bíṣọ́ọ̀bù Samuel Àjàyí Crowther, ní ọdún 1822. Ní Freetown, àwọn Akú kò jẹ́ kí àkàrà wọn kú. Àkàrà ni a ń pè é nínú èdè Krio títí di òní, ó sì wà nínú oúnjẹ tí a ń sè fún àsè àwọn òkú, èyí tí wọ́n ń pè ní awujoh, ọ̀rọ̀ tí ẹnikẹ́ni nínú wa kò níláti wá ògbufọ̀ fún. Ṣùgbọ́n níbẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà ti gbòòrò: wọ́n ń po ìyẹ̀fun ìrẹsì mọ́ ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́, wọ́n ń dín in, akara ni wọ́n sì ń pe ìyẹn náà.

Bí a bá kọjá lọ sí àwọn erékùṣù tí ó wà lápá ìwọ̀-oòrùn òkun, a ó rí ìyípadà tí ó ju èyí lọ. Ní Trinidad accra wà; ní Martinique àti Guadeloupe acras wà; ní Haiti akra wà. Ẹni tí ó bá gbọ́ orúkọ náà yóò yára na ọwọ́, ṣùgbọ́n bí ó bá bu ú jẹ, kò ní bá ẹ̀wà níbẹ̀. Ní Trinidad àti Martinique, ìyẹ̀fun àlìkámà ni, tí a po ẹja oníyọ̀ mọ́. Ẹja yìí kì í ṣe ẹja odò wọn. Láti inú òkun tútù ti àríwá ni a ti ń kó o wá, nítorí pé kò wọ́n, tí kì í sì í tètè bàjẹ́, àwọn olóko ìrèké sì ń rà á láti fi bọ́ ẹrú. Ní Haiti, kókò tí a rin ni wọ́n fi ń ṣe é. Obìnrin náà rántí orúkọ, ó rántí epo gbígbóná, ó sì lo ohun tí olówó rẹ̀ fi lé e lọ́wọ́. A kò lè bá a wí. Ṣùgbọ́n ẹ ṣàkíyèsí pé níhìn-ín, orúkọ ni ó kù, ẹ̀wà ti lọ.

Ní Kúbà, òdìkejì èyí ni a ó bá. Níbẹ̀, ẹ̀wà wà: a ń rẹ ẹ́, a ń bó o, a ń lọ̀ ọ́, a ń fi aáyù sí i, a sì ń dín in. Ṣùgbọ́n nígboro, orúkọ rẹ̀ ti di ti àwọn ará Sípéènì: bollitos de carita ni wọ́n ń pè é, bí ẹni wí pé ìṣù kéékèèké tí a fi ẹ̀wà olójú ṣe. Nígbà tí àwọn oníṣẹ́ tábà kúrò ní Kúbà lọ sí Key West àti Tampa ní Florida, ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, wọ́n mú un dání pẹ̀lú orúkọ tuntun yìí, kò sì sí ẹni tí ó lè ti ara orúkọ náà mọ ibi tí ó ti wá. Inú ilé òrìṣà nìkan ni àwọn orúkọ àtijọ́ sá sí. Níbẹ̀, ẹ̀kọ ṣì ń jẹ́ ekó, èkuru ṣì ń jẹ́ ekrú, ọ̀lẹ̀lẹ̀ sì ń jẹ́ olelé. Nígboro Kúbà, ohun náà ni ó kù, orúkọ ti lọ.

Nísinsìnyí ẹ jẹ́ kí a dé Bahia, nítorí níbẹ̀ ni orúkọ àti ohun tí ó ń jẹ́ orúkọ náà ti jọ wà pọ̀. Ní ìlú Salvador, acarajé ni wọ́n ń pè é. Ọ̀rọ̀ méjì ni ó wọnú ara wọn: àkàrà, àti jẹ. Bí àwọn obìnrin wa ti ń polówó rẹ̀ kiri òpópó ni àwọn ará ìlú ń gbọ́ ọ, tí ohùn ìpolówó fi di orúkọ. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lórí àtẹ kan náà ni abará wà, tí í ṣe ẹ̀wà lílọ̀ kan náà tí a fi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ pọ́n tí a sì sè, gẹ́gẹ́ bí ọ̀lẹ̀lẹ̀ wa. Acaçá pẹ̀lú wà, tí í ṣe ẹ̀kọ. Orúkọ rẹ̀ bá èyí tí àwọn Fọ̀n ń pè é mu, èyí sì fi hàn pé àwa àti àwọn aládùúgbò wa jọ wà lóko ẹrú ni.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ti àná. Ní ọdún 1802, Luís dos Santos Vilhena, ará ilẹ̀ Potogí kan tí ń kọ́ni ní èdè Gíríìkì ní Salvador, ka acarajé àti acaçá mọ́ àwọn oúnjẹ tí àwọn ẹrúbìnrin ilé ọlọ́lá ń kiri nígboro. Kò fi ìyìn sọ ọ́. Ó rò pé ó ń dójú ti àwọn ọlọ́lá náà. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ bí ètò náà ti rí. Olówó ẹrú a máa rán ẹrúbìnrin rẹ̀ jáde láti tajà. Iye kan wà tí ó níláti mú wálé fún un. Ohun tí ó bá lé lórí rẹ̀ jẹ́ ti ẹrú náà. Láti inú èlé kékeré yìí, ní kọ́bọ̀ kọ́bọ̀, ni àwọn mìíràn ti kó iye tí wọ́n fi ra ara wọn padà, tí wọ́n sì fi ra ọmọ wọn. Ẹgbẹ́ pẹ̀lú wà láàrin wọn tí ń dá owó jọ gẹ́gẹ́ bí èésú, tí wọ́n sì ń fi í ra ọmọ ẹgbẹ́ kúrò lóko ẹrú lọ́kọ̀ọ̀kan. Kí òfin tó pa oko ẹrú rẹ́ ní Bràsíl ní ọdún 1888, agbada ti tú ẹ̀wọ̀n lọ́rùn àwọn kan.

Ohun kejì tí ó dá àkàrà dúró ní Bahia ni pé ó ní ilé tí ó ń bọ̀ sí. Àwọn olórìṣà ibẹ̀ mọ̀ ọ́n ní oúnjẹ Ọya, tí wọ́n ń pè ní Iansã. Títa acarajé jẹ́ ojúṣe fún àwọn ọmọ òrìṣà kan, èrè rẹ̀ ni wọ́n sì fi ń san owó ètùtù wọn. Ẹni tí ń dín oúnjẹ tí ó jẹ́ ti òrìṣà rẹ̀ kì í fi ohun tí kò bá òfin mu sínú agbada. Nítorí náà, ẹ̀wà kò di ìyẹ̀fun, epo pupa kò sì di ọ̀rá ẹlẹ́dẹ̀. Epo pupa yìí, tí wọ́n ń pè ní dendê, ọ̀rọ̀ tí ó ti Àǹgólà wá, ni wọ́n ń fi dín in títí di òní. Manuel Querino, ọmọ dúdú ilẹ̀ Bahia, tí ó wà láyé láti ọdún 1851 sí 1923, kọ ọ̀nà tí a ń gbà ṣe é sínú ìwé tí a tẹ̀ jáde ní ọdún 1928. Ẹ̀wà tí a rẹ tí a sì bó, ọlọ, àlùbọ́sà, iyọ̀ àti epo ni ó kà. Ìyá arúgbó ìlú èyíkéyìí níhìn-ín ìbá tẹ́wọ́ gbà á.

Kí a má ṣe rò pé kò yí padà rárá. Àkàrà tí a ń tà nígboro Salvador tóbi. Wọ́n ń là á, wọ́n sì ń kó nǹkan sínú rẹ̀. Vatapá ń bẹ níbẹ̀, tí a fi búrẹ́dì, edé gbígbẹ, ẹ̀pà, kajú, omi àgbọn àti epo ṣe. Caruru ń bẹ níbẹ̀, tí í ṣe ọbẹ̀ ilá. Ata àti edé ń bẹ níbẹ̀ pẹ̀lú. Ẹni tí ó bá jẹ ẹyọ kan ti yó. Ṣùgbọ́n èyí tí a ń gbé síwájú òrìṣà kò ní vatapá nínú. Bí ó ti kúrò nílé ni ó ṣe wà. Níhìn-ín ni ọgbọ́n wọn wà: wọ́n jẹ́ kí ti ọjà máa dàgbà, wọ́n sì fi ti ilé ṣe òṣùwọ̀n, kí ìyípadà má bàa di ìgbàgbé.

Ohun kẹta ni pé wọ́n bọ̀wọ̀ fún oníṣẹ́. Aṣọ funfun, gèlè, ìlẹ̀kẹ̀ àti àtẹ ni a fi ń mọ obìnrin aláàkàrà ní Bahia. Ní ọdún 1998, ìlú Salvador ṣòfin lórí ìjókòó wọn àti ìmúra wọn. Ní oṣù kìíní ọdún 2005, ìjọba Bràsíl kọ iṣẹ́ wọn sínú Ìwé Ìmọ̀, níbi tí a ń kọ àwọn ohun tí ó jẹ́ ogún gbogbo orílẹ̀-èdè sí. Ẹ kíyè sí i pé iṣẹ́ àwọn obìnrin náà ni wọ́n kọ síwájú. Wọ́n mọ̀ pé bí oníṣẹ́ bá ti kú láìní àrólé, àkàrà kò lè dá ara rẹ̀ dín.

Ọ̀wọ̀ náà ti là wọ́n já. Nígbà tí a ń múra ìdíje bọ́ọ̀lù àgbáyé tí a ṣe ní Bràsíl ní ọdún 2014, òfin àwọn tí ó ni ìdíje náà kò fẹ́ ọlọ́jà mìíràn ní agbègbè pápá. Àwọn aláàkàrà Salvador kò jókòó tẹtẹrẹ. Wọ́n ní ẹgbẹ́. Wọ́n kọ ìwé ẹ̀bẹ̀. Wọ́n wọ aṣọ funfun wọn lọ sí ibi ìṣílé pápá Fonte Nova ní ọdún 2013, a sì fún wọn láyè. Ìyá tí ó jókòó ti agbada bá ọ̀gá àgbáyé sọ̀rọ̀, wọ́n sì gbọ́ ọ.

Àríyànjiyàn kan ṣì wà láàrin wọn. Àwọn kan tí wọ́n gba ẹ̀sìn ìjọ tuntun ń ta àkàrà kan náà, ṣùgbọ́n wọn kò fẹ́ pè é ní acarajé nítorí òrìṣà. Bolinho de Jesus ni wọ́n ń pè é, èyí ni ìṣù kékeré ti Jésù. Ẹgbẹ́ wa ní Onígbàgbọ́, ó ní Mùsùlùmí, ó ní oníṣẹ̀ṣe, a kò sì dá ẹjọ́ ẹ̀sìn fún ẹnikẹ́ni. A kàn rántí ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní Kúbà ni, níbi tí a ti pàrọ̀ orúkọ, tí ọmọ kò sì mọ ọ̀nà ilé mọ́. Ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Nílé wa, Onígbàgbọ́ ń jẹ àkàrà, Mùsùlùmí ń jẹ ẹ́, àkàrà sì ni gbogbo wọn ń pè é láìsí ìjà.

Àjò kì í dùn kí onílé má relé. Àwọn Àgùdà tí ó ti Bràsíl padà wá sí Èkó kò wá lọ́wọ́ òfo. Wọ́n mú frejon wá, tí í ṣe ẹ̀wà tí a sè, tí a lọ̀, tí a sì fi omi àgbọn sè pọ̀. Feijão tí àwọn Potogí ń pe ẹ̀wà ni ó di orúkọ náà. Ní ọjọ́ Ẹtì tí a ń ṣe ìrántí ikú Jésù, ilé púpọ̀ ní Èkó ni a ti ń jẹ ẹ́ títí di òní. Ẹ̀wà ti ìhà ìhín lọ, ó sì padà wá pẹ̀lú orúkọ òkèèrè. A gbà á, a kò sì lé e sẹ́yìn.

Nítorí náà, kí ni a rí kọ́? A rí i pé orúkọ nìkan kò tó, nítorí orúkọ wà ní àwọn erékùṣù, ẹ̀wà kò sí. Ẹ̀wà nìkan kò tó, nítorí ẹ̀wà wà nígboro Kúbà, orúkọ sì sọnù. Ibi tí àwọn méjèèjì ti dúró ni ibi tí àwọn ènìyàn kan ti wà tí iṣẹ́ náà jẹ́ ọ̀nà oúnjẹ wọn, tí ó jẹ́ ìgbàgbọ́ wọn, tí ó sì jẹ́ ọlá wọn pẹ̀lú.

Ẹ jẹ́ kí a wá wo ilé ara wa. Àwọn tí a fi ẹ̀wọ̀n dè ní ọrùn kò gbàgbé epo pupa. Àwa tí ọ̀pẹ wà lẹ́yìnkùlé wa, òróró ni ọ̀pọ̀ wa fi ń dín àkàrà. A kò wí pé òróró jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀, a kò sì wí pé kí ẹnikẹ́ni ju ẹ̀rọ ìlọta nù kí ó padà sídìí ọlọ. Ìyípadà kò pa àkàrà ní Bahia, kò sì ní pa á níhìn-ín. Ohun tí ó lè pa á ni pé kí ọmọbìnrin aláàkàrà máa tijú iṣẹ́ tí ìyá rẹ̀ fi rán an nílé ìwé, kí àwa tí a jẹ nínú rẹ̀ sì máa bá a tijú.

Ẹ̀yin ìjòyè wa, ọwọ́ yín ni ọjà wà. Bí a bá fẹ́ tún ọjà kọ́ tàbí kí a fẹ ọ̀nà, kí a kọ́kọ́ bi ara wa pé níbo ni ìyá aláàkàrà yóò jókòó, kí ó má ṣe jẹ́ pé lẹ́yìn tí a bá ti pín ìsọ̀ tán ni a ó rántí rẹ̀. Ẹ̀yin ọ̀mọ̀wé, gégé wà lọ́wọ́ yín: ẹ lọ bá àwọn ìyá arúgbó ìlú yín, ẹ kọ bí wọ́n ti ń ṣe é sílẹ̀, irú ẹ̀wà tí wọ́n ń lò, orúkọ tí wọ́n ń pè é, àti ọjọ́ tí a kò gbọdọ̀ ṣàì dín in. Querino ṣe é fún Bahia. Àwa kò gbọdọ̀ dúró de àlejò kí ó wá bá wa ṣe tiwa. Ẹ̀yin ìyá àti bàbá, ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ, lọ́kùnrin lóbìnrin, ti ọwọ́ bọ omi kí wọ́n bó ẹ̀wà, kí wọ́n sì gbọ́ ìtàn tí a sọ yìí bí wọ́n ti ń bó o.

Obìnrin tí a kó kúrò nílé láìmú ohunkóhun dání fi ìmọ̀ ọwọ́ rẹ̀ ra òmìnira, ó sì fi orúkọ oúnjẹ ìyá rẹ̀ lé àwọn ọmọ ọmọ rẹ̀ lẹ́nu ní ìlú àjèjì. Ó ti san gbèsè tirẹ̀. Ó kù sọ́wọ́ àwa tí a wà nílé.

Kí Olódùmarè jẹ́ kí ìlú wa tòrò, kí ó má sì jẹ́ kí iná kú nídìí agbada.